Ọjà Ọrọọrún àti Àlejò Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Ìlú Kékeré Kan

Ìlú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà ní ẹsẹ̀ òkè àpáta kan ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti ya kúrò lára ọ̀nà ńlá, tí ó sì gba àárín oko iṣu àti oko ẹ̀gẹ́ kọjá. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣì ń gbé ibẹ̀, wọ́n ṣì ń tajà níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn kò sì tíì dárí ji ara wọn tán. Láti ọdún 2020 títí di òpin ọdún 2023 ni mo fi bá ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ìlú náà ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn. Mo jókòó ní ìpàdé wọn, mo bá wọn kọ ìwé, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí ohun tí a dáwọ́ lé forí ṣánpọ́n, pàápàá èyí tí ó jẹ́ pé èmi gan-an ni mo dá a lámọ̀ràn.

Ṣáájú ọdún 2020, kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó kó gbogbo oníṣòwò ìlú náà pọ̀. Àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ní olórí tiwọn, àwọn aláta ní tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ahunṣọ, àwọn amọ̀kòkò, àwọn olóúnjẹ àti àwọn ọlọ́kadà. Olúkúlùkù wọn ń dá àjọ tirẹ̀, ó sì ń dúró ti ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ayọ̀ àti ọjọ́ ìbànújẹ́. Ìsémọ́lé àrùn Kòrónà ni ó pa wọ́n pọ̀. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ sé Èkó, Ògùn àti Àbújá mọ́lé, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi fòfin de ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìlú tí ó máa ń rí bọ́ọ̀sì àlejò láti Èkó àti Ìbàdàn ní òpin ọ̀sẹ̀ kò rí ẹyọ kan. Ìyálọ́jà wá pe gbogbo àwọn olórí ẹgbẹ́ jọ sí ìyẹ̀wù ilé rẹ̀, ó ní bí ebi bá máa pa àwọn, kí ó má ṣe jẹ́ pé kálukú ni yóò máa dá jẹ ẹ̀dùn tirẹ̀.

Wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alájẹṣẹ́kù, mo sì fara mọ́ ọn gidigidi nígbà náà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fara mọ́ ọn títí di òní. Òfin alájẹṣẹ́kù ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1935. Àwọn obìnrin ọjà ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ìyá wọn, wọ́n mọ ohun tí ìdókòwò àti èlé jẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ ìwé owó wọn wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ìwé owó yìí ni yóò gbà wá sílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìṣòro tí ẹgbẹ́ náà gbé kalẹ̀ ní ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo lọ kò lọ́jú pọ̀. Àlejò ń wá wo òkè, àmọ́ owó wọn kì í wọ inú ìlú. Wọ́n ń gun àpáta, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń lọ. Gbogbo ẹni tí ó wà nínú ìpàdé náà gbà pé ohun tí ó fà á ni pé àwọn àlejò kò tíì pọ̀ tó. Bí wọ́n bá di ìlọ́po mẹ́ta, ọjà yóò tà. Kò sí ẹni tí ó béèrè ìdí tí àwọn tí ó ń wá tẹ́lẹ̀ kò fi ń rà.

Nítorí náà, ìpolówó ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n náwó lé. Wọ́n gbé pátákó ńlá kan sí oríta ọ̀nà ńlá, wọ́n sì ṣètò ọjọ́ àríyá kan ní òpin ọdún 2021, pẹ̀lú ìlù, eré ìbílẹ̀ àti ìdíje gígun òkè. Èrò wá lóòótọ́. Ojú ọ̀nà kún dé ìdajì máìlì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí a jókòó láti ṣírò, a rí i pé àwọn tí ó tajà jù kì í ṣe ará ìlú. Àwọn olóúnjẹ láti ìlú ńlá ni wọ́n gbé kúlà àti kánọ́pì wá, wọ́n ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ìrẹsì tán, wọ́n sì gbé owó wọn lọ. Ẹgbẹ́ ni ó ku gbèsè kánọ́pì, ẹ̀rọ agbóhùnsókè àti àwọn onílù sí lọ́rùn. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni ẹgbẹ́ fi san tirẹ̀.

Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ó ń ta àkàrà àti ẹ̀kọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè òkè náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kò sí nínú ìgbìmọ̀, kò sì kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ó ń jókòó sí ni gbogbo bọ́ọ̀sì ń gbà kọjá. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó ń fi ìlà sínú ìwé ilé-ìwé ọmọ rẹ̀: ìlà kan fún bọ́ọ̀sì kan, ọjọ́ tí ó dé, ìgbà tí ó dé, ìgbà tí ó lọ. Nígbà tí ó gbé ìwé náà wá sí ìpàdé, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyálọ́jà, ó ní, «Ìyá wa, ẹ má bínú pé ọmọdé ń sọ̀rọ̀. Ọjà wa àti àlejò wa kì í pàdé.»

Ohun tí ó sọ yìí yé wa bí ó ti ń ṣí ìwé náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ ìsinmi gbogbogbòò ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo bọ́ọ̀sì ń dé. Wọ́n ń dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n sì ń kúrò ní aago méjì ọ̀sán nítorí pé awakọ̀ kò fẹ́ kí alẹ́ bá òun lọ́nà. Ọjà ìlú náà sì rèé, ọjà ọrọọrún ni. Bí a bá ná an lónìí, ọjọ́ kẹrin sí òní ni a tún máa ná an, èyí tí àwọn baba wa ń kà sí márùn-ún nítorí pé wọ́n ń ka òní mọ́ ọn. Bí ọjà bá bọ́ sí Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú ni yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Àìkú, Ọjọ́bọ̀, Ajé, Ẹtì, Ìṣẹ́gun, kí ó tó padà sí Àbámẹ́ta. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé nínú Àbámẹ́ta mẹ́rin, ẹyọ kan péré ni àlejò máa ń bá ọjà nínú ìlú. Àwọn mẹ́ta yòókù, ìsọ̀ òfìfo ni wọ́n ń bá, pẹ̀lú ewúrẹ́ tí ó ń sùn lábẹ́ ìbòòji. Gbogbo wa ni a mọ ọjọ́ ọjà, gbogbo wa ni a sì mọ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbé ọ̀kan lé èkejì rí.

Ìwé náà tún fi ohun kejì hàn, èyí tí ó dùn wá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Obìnrin náà ti bi àwọn àlejò díẹ̀ léèrè ìdí tí wọ́n fi wo aṣọ tàbí ìkòkò tí wọn kò sì rà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ọjà ti wọ́n jù. Ní ọjà wa, iye tí ọlọ́jà kọ́kọ́ pè kì í ṣe iye ọjà, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ọlọ́jà á pè é, oníbàárà á ná an, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bu ara wọn díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbi tí ó tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Àmọ́ ọ̀dọ́ tí ó ti Èkó wá, tí awakọ̀ rẹ̀ ń fọn fèrè, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń lọ òun. Ó gbọ́ iye náà, ó dúpẹ́, ó kọjá lọ. Ahunṣọ tí ó pè é sì jókòó, ó ń wò ó lẹ́yìn, ó ń rò pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọyì aṣọ òkè.

Ibí yìí ni àṣìṣe mi wọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ní kí a gbé ọjọ́ ọjà sí Àbámẹ́ta ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Ó dàbí ẹni pé ó bọ́gbọ́n mu lórí ìwé, ìgbìmọ̀ gbà, ààfin náà sì gbà pé kí a dán an wò. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọjọ́ ọjà kì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo. Àwọn ìlú mẹ́ta mìíràn ní àgbègbè náà pín àwọn ọjọ́ yòókù láàárín ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn alájàpá fi ń ti ọjà kan bọ́ sí èkejì: wọ́n á ra èlùbọ́ níbí lónìí, wọ́n á lọ ra gààrí lọ́hùn-ún lọ́la. Ọkọ̀ ńlá tí ó ń kó iṣu lọ sí Bódìjà ní Ìbàdàn ń tẹ̀ lé ètò yìí gan-an. Nígbà tí a gbé ọjà wa kúrò nídìí òpó rẹ̀, a kò gbé e sún mọ́ àlejò tó bí a ṣe gbé e jìnnà sí oníbàárà tí ó ń bọ́ ìlú. Àbámẹ́ta mẹ́ta ni a fi dán an wò. Ọkọ̀ Bódìjà kò yà. Àwọn àgbẹ̀ abúlé kó iṣu wọn lọ sí ọjà àwọn aládùúgbò wa, àwọn aládùúgbò wa náà sì ránṣẹ́ sí ààfin pé a ti wọ inú ọjọ́ àwọn. Ìyá arúgbó kan tí èlùbọ́ rẹ̀ kò tà lẹ́ẹ̀mẹta bi mí láàárín ìpàdé pé, «Ṣé àwọn tó ń gun òkè ni yóò jẹ àmàlà mi?» N kò ní èsì. Mo tọrọ àforíjì níwájú gbogbo wọn, ọjọ́ ọjà sì padà sí ipò rẹ̀.

Mo dúró lórí ibí yìí nítorí pé mo ti rí irú àṣìṣe kan náà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ràn mìíràn. A máa ń rò pé ìrìnàjò afẹ́ ni yóò gba àwọn oníṣòwò kékeré là, kí a sì tún ohun gbogbo tò nítorí rẹ̀. Nínú ìlú yìí, ọjà ọrọọrún ni oúnjẹ, owó àlejò sì jẹ́ ẹran inú ọbẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ da oúnjẹ nù nítorí ẹran.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà kéré, ó sì rọrùn, àwọn obìnrin fúnra wọn ni wọ́n sì ronú rẹ̀ láti inú àjọ tí wọ́n ti mọ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa yan ènìyàn méjì tí yóò gbé ọjà wá sí ẹnubodè òkè ní Àbámẹ́ta tí kò bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, kì í ṣe ọjà tiwọn nìkan, bí kò ṣe ti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ó ń lọ ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé bí ẹni ń kó àjọ, kò sì sí ẹni tí ó ń pàdánù gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ní Àbámẹ́ta tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, gbogbo ìlú ni ọjà, a ó sì darí àwọn àlejò wọ inú rẹ̀.

Ìjà wà lórí kíkọ iye ọjà sára páálí. Àwọn àgbà ọlọ́jà ní àbùkù ni, pé ta ni ó ń kọ iye sórí ọjà bí ẹni pé kò ní ẹnu. Ìpàdé mẹ́ta ni a fi sọ ọ́. Ibi tí a parí sí ni pé a ó kọ iye ohun kéékèèké bíi ìkòkò ọwọ́, ọṣẹ dúdú, gààrí àti àkàrà, ṣùgbọ́n a ó fi aṣọ òkè sílẹ̀ fún ìnájà, pẹ̀lú àdéhùn pé ahunṣọ kò ní pe iye tí ó ju èyí tí òun yóò gbà lọ jìnnà. Kò tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá, àmọ́ ó tẹ́ wọn lọ́rùn, àwọn ni wọ́n sì ń tajà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n lọ́nà mẹ́tàlá jẹ́ ọjọ́ 364, nítorí náà Àbámẹ́ta mẹ́tàlá ni ó máa ń bá ọjọ́ ọjà pàdé nínú ọdún. Wọ́n kùn wọ́n ní pupa. Wọ́n kó kàlẹ́ńdà náà fún àwọn awakọ̀ ní ibùdókọ̀, fún àwọn ilé-ìwé tí ó máa ń kó ọmọ wá wo òkè, àti fún àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní àwọn ìlú ńlá. Pátákó oríta kò sọ ju pé ẹ wá lọ. Kàlẹ́ńdà yìí sọ ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n wá. Láàárín oṣù díẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìpè láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó fẹ́ mọ ọjọ́ pupa tí ó kàn.

Wàhálà owó wá dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni báńkì àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún náírà. Nígbà tí ó fi di oṣù kejì ọdún 2023, kò sí owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí di òpin ọdún náà, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n owó náà kò tán lọ́jọ́ kan. Àlejò ní owó nínú fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì dé ẹsẹ̀ àpáta. Obìnrin méjì ti fi ọjà sílẹ̀ fún alert tí kò wọlé rí.

Ìwé owó alájẹṣẹ́kù ni ó gbà wá. Ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ POS, wọ́n gbé e sí ìloro ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, wọ́n sì fi ọmọbìnrin ìyá alákàrà jókòó tì í. Àlejò yóò sanwó níbẹ̀, yóò gba páálí kékeré tí a lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sí, yóò sì fi ra ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ọmọ ẹgbẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ọlọ́jà á kó páálí rẹ̀ wá, a ó kọ iye rẹ̀ sí ìwé rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò fọkàn tán ara rẹ̀ kò lè ṣe èyí. Ohun tí ó jẹ́ kí àwọn obìnrin náà gba páálí bí owó ni pé wọ́n ti rí i tí a ń yẹ ìwé wọn wò lọ́dọọdún.

Páálí náà tún kọ́ wa ní ohun tí a kò wá kiri. Fún ìgbà àkọ́kọ́, a lè mọ ẹni tí ó ń ra kí ni. Èrò inú bọ́ọ̀sì ń ra oúnjẹ àti ohun kéékèèké. Àwọn tí ń ra èlùbọ́, gààrí àti aṣọ òkè púpọ̀ ni ọmọ ìlú tí ó wá sílé láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti ìlú òyìnbó nígbà mìíràn, tí ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání láti fi òkè náà hàn án. Wọ́n ń wá ní Kérésìmesì, ní Àjíǹde, ní Iléyá. Ìṣírò wa kò tíì ka àwọn wọ̀nyí sí àlejò rí.

Ìmọ̀ yìí dé lásìkò, nítorí pé ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba tuntun kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, jálá epo tí kò tó igba náírà ti kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dín ogún. Bọ́ọ̀sì àwọn ilé-ìwé kò wá mọ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lé èrò ọkọ̀ ì bá ti túká nígbà náà. Tiwa yíjú sí àwọn ọmọ ìlú. A wo bí nǹkan ṣe ń lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn regbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ti máa ń mú aṣọ ṣáájú ọdún Òjúde Ọba, tí ó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí aránṣọ àti aláṣọ sì ti ń rí iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. A kò ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kọ̀wé sí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Èkó ní oṣù kẹjọ pé bí wọ́n bá fẹ́ aṣọ òkè fún Kérésìmesì, kí wọ́n san àsansílẹ̀ nísinsìnyí. Àwọn ahunṣọ rí òwú rà. Ní oṣù kejìlá, kò sí òfì kan tí ó dákẹ́ nínú ìlú náà.

Ọ̀rọ̀ èlùbọ́ gba ìrònú díẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí a dì í sínú ọ̀rá kí a sì lẹ orúkọ ìlú mọ́ ọn. Bí oúnjẹ bá ti wọ inú ọ̀rá olórúkọ fún títà, ọ̀rọ̀ NAFDAC ti wọ̀ ọ́, ẹgbẹ́ kò sì tíì ní ibi ìpèsè tí ó yẹ. A yàn láti máa wọ̀n ọ́n níṣojú ẹni tí ń rà á, nínú àpò tí ó mú wá fúnra rẹ̀. Mo gbà pé ìpinnu náà dára. Ọ̀rá lè dúró de ọjọ́ mìíràn.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí ó kọ́kọ́ jókòó sí ibi tí àlejò ń gbà kọjá fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí ó tó ná kọ́bọ̀ lé ìpolówó. Kí ó béèrè ọjọ́ ọjà ìlú náà àti ti gbogbo ìlú tí ó yí i ká, kí ó ṣírò ìgbà tí ó ń bá Àbámẹ́ta pàdé. Bí ọjà ìsán ni, tí ó jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni yóò máa pàdé Àbámẹ́ta, ètò tirẹ̀ yóò sì yàtọ̀. Kí ó má ṣe fọwọ́ kan ọjọ́ náà. Kí ó ka ọmọ ìlú tí ń bọ̀ wálé mọ́ àlejò. Kí ìwé owó sì mọ́ kí wàhálà tó dé, nítorí pé ìgbà tí ó bá dé tán kò sí àyè láti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìgbẹ́kẹ̀lé.

Ohun kan wà tí a kò yanjú. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń dúró ní ẹnubodè òkè, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àlejò lẹ́yìn tí ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, inú sì ń bí àlejò kí ó tó dé iwájú ọlọ́jà. A ní kí wọ́n wá di afinimọ̀nà, kí ẹgbẹ́ máa san owó iṣẹ́ wọn láti inú páálí, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú owó ọ̀nà. Àwọn kan gbà, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Àwọn tí kò gbà sọ pé àwọn baba àwọn ni wọ́n ni òkè náà, n kò sì lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀ ní òpin ọdún 2023, ìwé àdéhùn tí a kọ fún wọn ṣì wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹni mẹ́rin ló ti fọwọ́ sí i, àyè ẹni méje sì ṣì ṣófo.